Ẹ Má Jẹ́ Kí Ṣọ́ọ̀bù Kọ́nà Wa Tì

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, Whitehorn ni à ń gbé ní Calgary, Calgary yìí náà ni wọ́n sì bí mi sí. Tí ẹ bá rí àṣìṣe nínú Yorùbá mi, ẹ foríjì mí, ẹ bá mi tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní kọ́nà àdúgbò wa tó fẹ́ tì. Mo rò pé kò yẹ kó tì. Mo sì rò pé àwa gan-an tí à ń gbé nítòsí rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ẹ má bínú sí mi o. Àwọn àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹ jẹ́ kí n ki ọwọ́ kékeré mi bọ inú akèrègbè yìí wò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Whitehorn, ẹ mọ̀ pé àárín 36 Street ni ọkọ̀ ojú irin CTrain ń gbà kọjá. Ibùdókọ̀ Whitehorn ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1985. Tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tó wá rìn wọ inú àdúgbò lọ, ilé, ilé, ilé ló máa máa rí, lẹ́yìn náà ilé ìwé àti pápá, lẹ́yìn náà ilé mìíràn. Ibi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn lọ ra nǹkan ò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù yìí fi ṣe pàtàkì.

Kò tóbi ju kíláàsì wa lọ. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, agogo kékeré kan máa dún. Fíríìjì mílíìkì àti ẹyin wà lápá ọ̀tún, búrẹ́dì, ìrẹsì àti ọṣẹ wà lápá òsì. Lórí kàǹtà, àpótí onígíláàsì kan wà tí sàmósà gbígbóná wà nínú rẹ̀. Àga ike méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn bàbá àgbà méjì kan máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á máa mu tíì, wọ́n á máa wo ẹni tó ń kọjá.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wá láti Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà. Àǹtí-jì ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè é. Òun mọ orúkọ tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé àbúrò mi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà. Tí àbúrò mi bá mú súìtì, Àǹtí-jì á kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kó tó gba owó.

Ní oṣù tó kọjá, dádì mi lọ gba páálí kan tí Àǹtí-jì bá wa gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù kiri, nítorí a ò sí nílé. Ibẹ̀ ni Àǹtí-jì ti sọ fún un pé ìwé àdéhùn owó ṣọ́ọ̀bù òun máa parí ní ìgbà ooru. Ó ní owó tuntun tí wọ́n ní kí òun máa san ti pọ̀ jù, oníbàárà ò sì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní bóyá òun máa tì í. Dádì mi ní, "Áà, ó mà ṣe o." Ó bá a kẹ́dùn dáadáa. Lẹ́yìn náà a wọ mọ́tò, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá lọ ra mílíìkì. Mílíìkì kan náà tó wà nínú fíríìjì Àǹtí-jì! Inú mọ́tò yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí mò ń kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Màmá Ìbàdàn fún yín. Ìyá dádì mi ni. Ó wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Tí dádì àti mọ́mì bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí èmi àti àbúrò mi bá ti lọ sílé ìwé, Màmá nìkan ló máa ń kù sílé. Ó ní ilé wa dára, ó gbóná, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n ti òun mọ́lé. Ó ní ní Ìbàdàn, kí èèyàn tó ti ẹnu ọ̀nà dé títì, á ti kí èèyàn mẹ́wàá. Níbí, mọ́tò ni òun ń rí, òun ò rí èèyàn.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n rán mi ní búrẹ́dì, Màmá sì ní òun máa bá mi lọ. Bó ṣe wọlé báyìí, ó gbóhùn sókè, ó ní, "Ẹ kú ọjà o! Ajé á wọgbá o!" Ojú tì mí. Ó ṣe mí bíi kí n wọ abẹ́ kàǹtà. Àǹtí-jì ò gbọ́ Yorùbá, Màmá ò gbọ́ Punjabi, Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí-jì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Sat sri akal." Màmá náà tẹrí ba, ó gbìyànjú láti sọ ọ́ padà, kò jọ ọ́ rárá. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí-jì fa àga ike kan jáde fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, tí yìnyín ò bá ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni Màmá máa ń wà lọ́sàn-án. Ó máa nawọ́ sí nǹkan, ó máa ní, "Ata." Àǹtí-jì á ní, "Mirch." Ó máa nawọ́ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí Màmá fi máa padà sí Ìbàdàn, tó bá ti ní, "Ajé á wọgbá o," Àǹtí-jì á dáhùn pé, "Àṣẹ o!"

Màmá ti lọ báyìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọlé tí mo kàn ní "Hi", Àǹtí-jì máa dúró, á máa wò mí, títí màá fi kí i bí Màmá ṣe ń kí i. Ìgbà náà ló máa wá ní, "Àṣẹ o!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Lẹ́yìn ilé wa àti ilé ìwé Yorùbá yìí, ibì kan ṣoṣo ní Whitehorn tí wọ́n ti ń béèrè Yorùbá lọ́wọ́ mi ni ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà.

Mo bi Màmá léèrè ìdí tó fi fẹ́ràn ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun náà ti jókòó sẹ́yìn àtẹ rí. Kí dádì mi tó dàgbà, Màmá ní ìsọ̀ onípákó kan níwájú ilé wọn ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn. Ó ń ta mílíìkì alágolo, Bournvita, ṣúgà, búrẹ́dì, ìṣáná àti ọṣẹ. Ẹni tí kò bá ní owó odidi páálí ṣúgà lè ra hóró márùn-ún. Ẹni tí kò bá ní owó rárá lè gba àwìn, Màmá á sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó ní orúkọ gbogbo àdúgbò ló wà nínú ìwé yẹn, títí kan orúkọ lándíọ́ọ̀dù! Tí ọmọdé bá wá rajà, ó máa ń fi ènì sí i fún un, bóyá hóró ṣúgà kan tàbí bisikíìtì kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ ò bá mọ ènì, ohun tí olọ́jà fi kún ọjà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni, kí inú yín lè dùn, kí ẹ lè padà wá.

Àwọn mìíràn náà wà nítòsí ìsọ̀ yẹn. Obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé igbá wàrà wá. Màmá ní oje bọmubọmu ni wọ́n fi máa ń mú kí mílíìkì dì, kó tó di wàrà. Lọ́sàn-án, ọmọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ Fan Milk máa ń fọn fèrè rẹ̀ kọjá, gbogbo ọmọ á sì sáré jáde. Ìbàdàn yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Fan Milk wà. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹni tó ń ta tíì ní òdìkejì títì, tí àwọn Haúsá ń pè ní mai shai, á tan iná, á máa da tíì onímílíìkì láti inú kọ́ọ̀bù kan sí èkejì kó lè hó, á máa din ẹyin. Àwọn ọkùnrin á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Tí èèyàn kan bá bímọ, tàbí tí ara ẹnì kan ò bá yá, iwájú ìsọ̀ yẹn ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́.

Owó ìsọ̀ yẹn ni Màmá fi rán dádì mi lọ sí yunifásítì. Mo wá bi ara mi pé, tí gbogbo ará Òkè-Àdó bá ti ní àwọn kàn ń "kẹ́dùn" pẹ̀lú Màmá, tí wọ́n wá lọ ra mílíìkì níbòmíràn ńkọ́? Ṣé dádì mi máa wà ní Calgary? Ṣé èmi náà máa wà níbí? Àǹtí-jì ní ọmọ méjì tó wà ní yunifásítì báyìí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Íńdíà nìkan o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n dádì mi ń gbé ní Melbourne, ní Ọsirélíà. Ó ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, milk bar ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ibi tí èèyàn ti ń mu mílíìkì yó bí ọtí ni. Mo wá lọ kà nípa rẹ̀ ní ibi ìkàwé. Ní ọdún 1932, ọkùnrin ará Gíríìsì kan tí wọ́n ń pè ní Mick Adams ṣí ọ̀kan ní Martin Place ní Sydney, ó ń ta mílíìkì tí wọ́n lù pọ̀ mọ́ nǹkan dídùn ní pẹ́nsì mẹ́rin. Kò pẹ́ tó fi tàn káàkiri. Ó wá di ṣọ́ọ̀bù kọ́nà tó ń ta mílíìkì, búrẹ́dì, ìwé ìròyìn àti súìtì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n jẹ́ àlejò láti Gíríìsì àti Ítálì, bí àwa náà ṣe jẹ́ àlejò níbí. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀bù ńláńlá pọ̀ sí i. Ní ọdún 1977, 7-Eleven náà dé Ọsirélíà. Púpọ̀ nínú àwọn milk bar ti tì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n dádì mi ní èyí tó wà ní títì wọn ti di ilé tí èèyàn ń sùn sí, ṣùgbọ́n àkọlé rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

Calgary wa yìí ni 7-Eleven ti kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Kánádà, ní ọdún 1969. N kò bá wọn jà o, mo fẹ́ràn Slurpee. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá máa ń rí owó láti ibòmíràn. Tí ṣọ́ọ̀bù ti Àǹtí-jì bá tì, ó ti tì nìyẹn.

Nínú oṣù Kìíní ọdún yìí, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mi sílé. Bọ́ọ̀sì já èmi àti àbúrò mi sílẹ̀, òtútù ọjọ́ náà tó -27. Kò sẹ́ni nílé. Mo lọ kan ilẹ̀kùn ilé tó kàn wá, wọn ò dáhùn. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, omijé rẹ̀ sì fẹ́ dì sí ojú rẹ̀. Mo dì í lọ́wọ́ mú, a rìn lọ sọ́dọ̀ Àǹtí-jì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ àbúrò mi, ó fún wa ní tíì onímílíìkì, ó wá ṣí ìwé kan, ó pe mọ́mì mi. Nọ́ńbà mọ́mì mi wà nínú ìwé rẹ̀, bí orúkọ àwọn ará Òkè-Àdó ṣe wà nínú ti Màmá. Kò gba owó tíì. Ẹ̀yin òbí wa, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ta ni à bá lọ bá? Ẹ̀rọ tí èèyàn ń fi ọjà hàn kó tó sanwó yẹn?

Mo mọ̀ pé ẹ ní èsì. Mọ́mì mi ka ìwé yìí kí n tó fi ránṣẹ́, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ìwọ lò ń sanwó ni?" Òótọ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, a ń san owó ilé, a sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ọjà Àǹtí-jì wọ́n ju ti ṣọ́ọ̀bù ńlá lọ. Nítorí náà èmi àti mọ́mì jókòó, a ṣírò rẹ̀. Tí a bá ń ra mílíìkì àti búrẹ́dì nìkan lọ́dọ̀ Àǹtí-jì lọ́sẹ̀, ohun tí a máa fi lé e ò tó dọ́là mẹ́ta. Mo wá rán mọ́mì létí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wa mọ́tò lọ ra mílíìkì nìkan ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ó sì gbé yógọ́ọ̀tì mẹ́rìnlélógún àti bàtà òjò dé. Mọ́mì ní kí n pa ibi yìí rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fi sílẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ lọ máa ra àpò ìrẹsì níbẹ̀ o. Ohun tó bá tán láàárín ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ.

Èsì kejì ni pé kò séwu kẹ̀? Ṣé ọmọdé lè dá lọ? Dádì mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun nígbà tí wọ́n ti ń rán òun lọ ra ìṣáná. Mo mọ̀ pé àkókò ti yí padà, mọ́tò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n a lè lọ ní méjì-méjì, a lè dúró de iná ojú títì, ẹ sì lè fún wa ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ máa ń sọ pé ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ jẹ́. Tí ẹ ò bá rán wa, níbo la ti máa mọ̀ ọ́n?

Èsì kẹta ni súìtì. Lórí ìyẹn, mi ò ní ohun tí mo lè sọ. Òótọ́ ni.

Ó wá kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti èmi náà. Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn Àǹtí-jì tó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú bí mi. Mo ní ṣé olè ni wá ni? Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan láti ilé ìwé wa ti ṣokoléètì bọ inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo rí i. Mo dákẹ́. Àwọn yòókù ń tì ara wọn, wọ́n ń pariwo, Àǹtí-jì ò sì mọ ibi tó máa wò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìwé yẹn dé ara ilẹ̀kùn. Ó tún ṣì ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo ti pinnu pé màá lọ sọ fún un kí ìwé ìròyìn wa yìí tó jáde, màá sì mú dọ́là méjì ti ara mi dání. A ò lè ní kí àwọn òbí wa má jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tì, kí àwa wá máa jí ọjà rẹ̀, tàbí kí a máa wo ẹni tó ń jí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe kò le. Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tó bá ní ṣọ́ọ̀bù kékeré nítòsí máa ra ohun kan tàbí méjì níbẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀, ì báà ṣe Whitehorn, ì báà ṣe ibòmíràn. Èkejì, kí ẹ máa rán àwa ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá, kí a fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ̀kẹta, kí a kí ẹni tó ń tajà. Ẹ má kàn ju owó sílẹ̀, kí ẹ máa wo fóònù. Yorùbá ló ní ìkíni fún òtútù, fún ìrìn, fún iṣẹ́, fún ọjà. Kí la fẹ́ máa fi wọ́n ṣe tí a bá kàn ń sanwó fún ẹ̀rọ?

N kò mọ̀ bóyá ìyẹn máa tó láti san owó ṣọ́ọ̀bù Àǹtí-jì. Bóyá kò ní tó. Ṣùgbọ́n tí Màmá Ìbàdàn bá tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, tó bá bi mí pé, "Ọ̀rẹ́ mi dà?" mi ò fẹ́ kí ìdáhùn mi jẹ́ pé a kẹ́dùn.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, lẹ́yìn ilé ìwé Yorùbá, mo fẹ́ lọ ra mílíìkì. Dádì mi ti ní òun máa bá mi rìn lọ. Mo ti sọ fún un pé tó bá wọlé, kò gbọdọ̀ ní "Hi." Ó mọ ohun tó máa sọ.

Ajé á wọgbá o.